Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Wa Lépa Iṣẹ́ Kóòṣì Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni. Ẹni tó ń kọ́ nípa orí, tí kò ronú nípa iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́.

Níbí ní Union City, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, àwọn ọmọ àdúgbò wa ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ṣáá. Àwọn kan wà ní Banneker, àwọn kan ní Langston Hughes, àwọn kan ní Creekside. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n gbá dáadáa a máa bá a lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gboyè, tó rí i pé ẹsẹ̀ òun ò ní gbé òun dé NBA, á ní, “Kò burú, màá di kóòṣì.” Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàbá á ní, “Bọ́ọ̀lù náà ṣì ni? Ṣé torí ẹ̀ la ṣe rán ẹ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì?” Ìyá á ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre, àwọn kóòṣì tí mò ń rí lórí tẹlifíṣàn, mílíọ̀nù ni wọ́n ń gbà.” Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, àmọ́ kò pé.

Wọ́n ti wá bi wá léèrè, ó sì tọ́ kí á dáhùn. Èrò tiwa nìyí, a ò ní fi pamọ́ di ìparí: iṣẹ́ kóòṣì yẹ ní lílépa fún ẹni tó bá fẹ́ràn àtikọ́ ọmọ. Ẹni tó jẹ́ pé àga ọ̀gá àti owó rẹ̀ nìkan ló ń wò, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

IṢẸ́ OLÙKỌ́ NI

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Yorùbá ń pe ẹni tí a mọ̀ sí kóòṣì. Ẹ tún orúkọ yẹn wò dáadáa. Ìkọ́ni ló ṣáájú nínú ẹ̀, gbígbá ló tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni James Naismith, ẹni tó dá eré yìí sílẹ̀ ní 1891 ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Nígbà tó yá, ó lọ ń kọ́ni ní Yunifásítì Kansas. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ John McLendon ti bá a. Wọn ò jẹ́ kí McLendon gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò torí ẹ̀ lọ sílé. Ó fara mọ́ Naismith, ó gba iṣẹ́ lẹ́nu ẹni tó dá a sílẹ̀, ó sì gboyè jáde ní 1936.

McLendon lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Durham, North Carolina. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbà kí dúdú àti funfun bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù ní apá ibẹ̀ yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Duke nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ọmọ McLendon jẹ 88, àwọn ti Duke jẹ 44. Kò sí èrò ìwòran, kò sì sí owó kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà fi ojú ara wọn rí i pé ẹ̀dá kan ò ju ẹ̀dá kan lọ. Lẹ́yìn náà, ní Tennessee A&I, McLendon gba ife ẹ̀yẹ NAIA lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra: 1957, 1958, 1959.

Ẹ tún wo John Thompson ti Georgetown ní Washington. Ní 1984, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife NCAA ní ìpele tó ga jù lọ fún ọkùnrin. Bọ́ọ̀lù kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú ẹ̀. Ohun tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù tiwọn náà á rọ̀ báyìí. Tó bá rọ̀ tán ńkọ́? Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ní oṣù kìíní ọdún 1989, nígbà tí NCAA fẹ́ ṣe òfin tí yóò gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí máàkì ìdánwò wọn kò tó, Thompson dìde, ó sì jáde kúrò ní pápá kí eré wọn pẹ̀lú Boston College tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kóòṣì, irú èyí ni kó fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀KỌ́ṢẸ́ TÍ KÒ NÍ ỌJỌ́ ÒMÌNIRA

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí káfíńtà, òbí rẹ̀ á mú un lọ bá ọ̀gá. Wọ́n á jọ fẹnu kò lórí iye ọdún tí yóò lò. Ọmọ náà á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa gbé irinṣẹ́, ojú rẹ̀ á rí màbo díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ọdún tí òmìnira òun máa pé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á pe ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á yọ̀ǹda rẹ̀, òun náà á lọ dá dúró.

Iṣẹ́ kóòṣì náà ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí kò ní ni ọjọ́ òmìnira. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́. Wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní owó ìjẹun díẹ̀. Òun ni yóò máa gé fíìmù eré tó ti kọjá. Òun ni yóò máa kó bọ́ọ̀lù, tí yóò máa wa mọ́tò lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfúrufú, tí yóò jí kí ọ̀gá tó jí, tí yóò sì sùn lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti sùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, á tún wá ọ̀gá mìíràn lọ ní ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé, “Ọdún báyìí lo máa gbòmìnira.”

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní 1991, NCAA ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992: ní Division I, tí í ṣe ìpele àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá, igbákejì kóòṣì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju 16,000 dọ́là lọ lọ́dún. Àgbà tó ní ìyàwó àti ọmọ wà nínú àwọn tó ń gba owó yẹn. Wọ́n pe ẹjọ́. Ní 1995, adájọ́ sọ pé òfin náà lòdì sí òfin ìdíje ọjà. Ní 1998, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i. Ní 1999, NCAA gbà láti san mílíọ̀nù 54.5 dọ́là fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Owó dé nígbẹ̀yìn, àmọ́ ta ló máa dá ọdún tó ti lọ padà?

Nǹkan ti dára díẹ̀ sí i báyìí. Láti 2023, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Division I lè ní igbákejì kóòṣì márùn-ún dípò mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ kà á: àga ọ̀gá kan ṣoṣo, èèyàn márùn-ún tó dúró tì í, yàtọ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́ tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ ọkùnrin tó wà ní Division I kò fi bẹ́ẹ̀ ju 360 lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò, kó ṣe é.

ÀGA Ọ̀GÁ NÁÀ Ń MÌ

Ká ní ọmọ wa wá di ọ̀gá ńkọ́? Ẹ gba títì I-85 láti ọ̀dọ̀ wa níbí lọ sí àárín Atlanta, ẹ máa kan Georgia Tech. Bobby Cremins ṣe kóòṣì níbẹ̀ láti 1981 sí 2000, ó sì kó wọn dé Final Four, ìyẹn ìpele àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ní 1990. Paul Hewitt rọ́pò rẹ̀. Ní 2004, ó kó wọn dé àṣekágbá gan-an. Ní 2011, wọ́n ní kó máa lọ. Brian Gregory dé, ọdún márùn-ún ló lò. Josh Pastner dé ní 2016. Ní 2021, ó gba ife ACC, èyí tí Georgia Tech kò rí gbà mọ́ láti 1993. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 2023, wọ́n ní kí òun náà máa lọ.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Nígbà tí Hewitt ń lọ, owó tó ṣẹ́ kù nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ. Ọ̀gá tí wọ́n lé ṣì lè jẹun. Àwọn igbákejì tó wà lábẹ́ ọ̀gá ńkọ́? Tí ọ̀gá bá lọ, àwọn náà sábà máa ń lọ ni. Ọ̀gá gba owó ìdágbére, igbákejì gba páálí tó máa fi kó ẹrù. Ìyá tó rí mílíọ̀nù lórí tẹlifíṣàn, òótọ́ ló rí. Dawn Staley ní South Carolina ń gba bíi mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ́dún nínú àdéhùn tó ṣe ní oṣù kìíní 2025. Ṣùgbọ́n ife NCAA mẹ́ta ló ti gbà kó tó rí bẹ́ẹ̀: 2017, 2022 àti 2024. Igi kan kì í di igbó.

Ọ̀rọ̀ ìdílé náà wà níbẹ̀. Ní oṣù keje, tí àwọn yòókù ń kó ọmọ wọn lọ ṣeré, ẹ lọ wo North Augusta ní South Carolina níbi ìdíje Peach Jam. Àwọn kóòṣì jókòó lórí àga láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n ń wo ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fẹ́ mú lọ. Ọmọ tiwọn wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ, kó sọ èyí fún un kó tó mú ọtí àna lọ.

OWÓ TÓ Ń DÁN ÌWÀ WÒ

Títì I-85 kan náà, tí ẹ bá gbà á sí ìsàlẹ̀, ó ń lọ sí Auburn ní Alabama. Chuck Person jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù ní NBA, ó sì padà wá ṣe igbákejì kóòṣì ní Auburn. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, FBI mú òun àti igbákejì kóòṣì mẹ́ta mìíràn láti yunifásítì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀sùn rìbá ni: pé wọ́n gba owó kí wọ́n lè darí àwọn ọmọ tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá oníbàárà. Ní 2019, Person gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi. Owó tó gbà jẹ́ 91,500 dọ́là. Adájọ́ kò rán an lọ sẹ́wọ̀n, àmọ́ iṣẹ́ lọ, orúkọ náà sì bá a lọ.

Ní Atlanta wa níbí, nínú Georgia Dome, Louisville gba ife NCAA ní 2013. Ní 2018, NCAA gba ife náà padà lọ́wọ́ wọn nítorí ìwà ìtìjú tí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kan ń hù ní ibùgbé àwọn ọmọ. Wọ́n sọ ọ̀págun ife náà kalẹ̀. Ohun tí a fi ìwà burúkú gbé sókè, ìwà burúkú náà ló máa fà á wálẹ̀.

Nǹkan tún ti yí padà sí i. Láti 2021, agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba owó, ó sì lè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìjókòó lórí ìjókòó fún ọdún kan. Láti oṣù keje 2025, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè san owó fún wọn. Nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan lè ná tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lórí gbogbo eré ìdárayá rẹ̀. A ò bínú sí i. Òógùn àwọn ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kóòṣì ti di iṣẹ́ alágbàṣe àti oníṣirò owó. Tony Bennett tó gba ife pẹ̀lú Virginia ní 2019 fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí eré bẹ̀rẹ̀; ó ní òun kọ́ ni iṣẹ́ náà yẹ mọ́ bó ṣe rí báyìí.

ṢÙGBỌ́N A Ò SỌ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE É

Àwọn àgbà kan nínú wa á kà dé ibí, wọ́n á ní, “Ó tán, kí ọmọ náà lọ kọ́ nípa kọ̀ǹpútà.” Rárá o. A ò bá wọn lọ síbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, C. Vivian Stringer ń kọ́ni ní kíláàsì ní Cheyney State ní Pennsylvania, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù láìgba owó fún un. Ní 1982, ilé ẹ̀kọ́ kékeré àwọn aláwọ̀ dúdú yẹn dé àṣekágbá NCAA àkọ́kọ́ fún obìnrin. Stringer ni ẹni àkọ́kọ́ tó kó ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta dé Final Four. Ọdún 2022 ló tó fẹ̀yìn tì. Ní Morehouse, ní Atlanta wa níbí, Arthur McAfee lo ọdún 35, láti 1965 sí 2000. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó kọ́ gbọ́, ó sì tó.

Guy Lewis lo ọgbọ̀n ọdún ní Yunifásítì Houston, kò sì gba ife NCAA rí. Ṣùgbọ́n ní 1980, ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Hakeem Olajuwon, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù afọwọ́jù kó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yẹn dà. Ṣé ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn pàdánù?

Ẹ wo Rena Wakama náà. North Carolina ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ti lo ọdún gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ abẹ́nú àti igbákejì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì New York, níbi tí kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ní 2023, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá D'Tigress, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, ó sì gba AfroBasket lọ́dún náà. Ní Olympics Paris 2024, D'Tigress di ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn. Wọ́n sì pe Wakama ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ láàárín àwọn obìnrin níbẹ̀. Ọ̀nà tó gbà dé òkè kò gba orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kọjá.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo dán ara yín wò. Ká ní wọ́n sọ fún ẹ lónìí pé o ò ní kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama láéláé, pé gbọ̀ngàn Banneker tàbí ti Langston Hughes ni wàá ti kọ́ ọmọ títí tí wàá fi fẹ̀yìn tì, ṣé wàá ṣì ṣe é? Tí ọkàn rẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ, a wà lẹ́yìn rẹ. Tó bá ní rárá, kóòṣì kọ́ lo fẹ́ ṣe. Ìlú-mọ̀ọ́ká lo fẹ́ jẹ́.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mú nǹkan mẹ́ta dání. Ekínní, kó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tó ní ibòmíràn tó lè ti jẹun kì í tètè gba rìbá. Èkejì, kó dá ọdún òmìnira fún ara rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀gá tó máa bá a dá a. Kó jókòó pẹ̀lú òbí rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́: ọdún mẹ́fà ni o, ọdún mẹ́jọ ni o. Tí ọdún náà bá pé tí kò tíì rí owó tó lè fi tọ́ ọmọ, kó padà wá sílé, kó máa kọ́ ọmọ níbí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó wo ìwà ọ̀gá kó tó wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa jọ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwóòrìṣà, ọ̀rọ̀ tiyín tún lé díẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ òrìṣà kì í dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ ní èèwọ̀ oúnjẹ, ẹ ní ọjọ́ tí ẹ gbọdọ̀ wà nílé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé ohun tí ẹ kì í jẹ síwájú yín nílé olówó tó ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹ̀gàn lé ọmọ jáde. Ọmọ tó kúrò nílé pẹ̀lú ìbínú, ojú á tì í láti padà nígbà tó yẹ kó padà. Ẹ bá a dá ọdún, ẹ súre fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Kí orí yín má gbàbọ̀dè. Kí ẹsẹ̀ yín gbé yín débi tí iṣẹ́ yín ti máa wúlò. Kí àwọn tí ẹ bá kọ́ máa fi rere rántí yín.

Àṣẹ.